Ta Ni Yóò Ní Kí Màríámù Dìde?

Inú mi kò tíì rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ka ìtàn yìí lọ kó máa retí ibi tí bàbá arúgbó yóò ti rẹ́rìn-ín, tí yóò ní ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Bí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ Màríámù báyìí, òkèlè tó wà lẹ́nu mi á di igi.

Màríámù Àbẹ̀kẹ́ ni mo ń wí, ọmọ Ràímì olówùú, tó ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti abẹ́rẹ́ níwájú ilé mi ní Isikan, ní Àkúrẹ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba iwájú ilé náà lọ́wọ́ mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ràímì ti wá, òun àti àpò òwú kan, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní bíréèkì. Ràímì gan-an ni bíréèkì ọkọ̀ náà. Bí wọ́n bá ti dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́, á bẹ́ sílẹ̀, á fi èjìká gbà á dúró. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ló wọlẹ̀ ju ti òsì lọ títí ó fi kú. Òwú tí ọkùnrin yẹn tà láyé, bí a bá so ó pọ̀, á dé Mẹ́kà, á padà wálé, èyí tó bá ṣẹ́ kù á sì tó láti fi de odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má lè ṣàn mọ́.

Nígbà tí Ràímì kú, Màríámù jókòó sórí àpótí bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ló wù ú láti kékeré. Á to bọ́tìnnì sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, á máa kọ́ wọn ní a-b-d. Bọ́tìnnì tó bá yí dànù, á ní ó ń sùn nínú kíláàsì, á fi abẹ́rẹ́ gún un nímú. Ṣùgbọ́n bàbá ti kú, ọjà ti dé ọrùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọkọ dé, tí ọmọ dé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kó tó gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní ìlú Oǹdó, Ìmọ́lẹ̀ Àárọ̀ ni wọ́n ń pè é, tí ènìyàn ti lè kọ́ṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá láìfi ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó ẹ̀kọ́ sí. Ibi yòówù tí o bá wà, kí o ṣáà ní fóònù.

Ìròyìn náà bọ́ sí àkókò. Ilé ìwé kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa tí tíṣà Yorùbá wọn ń múra àtifẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ilé ìwé náà jẹ́ oníbàárà Màríámù, ó sì ti sọ fún un pé, “Ìyá Sùlíyà, bí o bá lè parí ẹ̀kọ́ rẹ kí sáà tuntun tó wọlé, tìrẹ ni kíláàsì yẹn. Bí sáà bá wọlé tí o kò tíì parí, màá wá ẹlòmíràn o, mi ò lè fi àwọn ọmọ sílẹ̀ láìní tíṣà.” Bọ́tìnnì yóò di ọmọ ènìyàn nìyẹn. Ohun tí Màríámù ń lé nìyẹn, kò lé òmíràn.

Ẹni tó ń kọ́ wọn ni Dókítà Akíntóyè, ọmọ Oǹdó, ọmọ ilé Ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó ti mu epo. Kí Màríámù tó ra èyí tí wọ́n ń kì bọ etí, gbogbo wa la jọ ń gbọ́ ọ níwájú ilé. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà títí ajá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìrù fún un. Bí yóò ti bẹ̀rẹ̀ náà ni, “Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ọ̀wọ́n, ẹ kọ́ láti dá dúró. Àsìkò tí tíṣà ń fi ṣíbí bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọjá.” Bí yóò sì ti parí nìyẹn.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ó ṣe ọmọ náà lóore. Ní kùtùkùtù, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dojú rú, Màríámù á gbé fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi lé áńgẹ́lì lọ́wọ́, á fa ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn wálẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, á máa wọn òwú, á máa gbọ́ Dókítà. Bí ibì kan kò bá yé e, á tẹ ojú fóònù, Dókítà á panu mọ́. Á tún tẹ̀ ẹ́, Dókítà á tún un wí láì bínú. Nígbà tiwa, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Bí o bá ní kí tíṣà tún ọ̀rọ̀ wí, ẹ̀yìn rẹ ni yóò tún un wí fún.

Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Dókítà kọ́ wọn ní bí a ti ń kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: a ń kí onídìrí pé ojú gbooro, a ń kí aláró pé àrẹdú. Màríámù bèèrè lórí Wásáàpù pé báwo la ṣe ń kí àwọn aránṣọ, nítorí àwọn ni oníbàárà tirẹ̀. Èsì tó gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ dá wá a.”

Ó dá wá a lóòótọ́. Gbogbo aránṣọ tó bá wá ra síìpù ló ń bi. Àwọn kan ní ìkíni wà, wọ́n ti gbàgbé. Àwọn kan ní kò sí. Ọládiípọ̀, tó ń rán agbádá ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa, ló sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù.

“Kí ni wọ́n máa ń kí yín?” ni Màríámù bi í.

“Wọ́n ń kí wa dáadáa,” ni Ọládiípọ̀ wí. “Láàárọ̀, wọ́n á ní, ‘Aṣọ mi ńkọ́?’ Lálẹ́, wọ́n á ní, ‘Aṣọ mi ńkọ́?’ Bó bá di ọdún, wọ́n á kó ọlọ́pàá wá kí wa.”

Màríámù kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dókítà. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìgbà yẹn náà ló mọ Joy. Ọmọ Oǹdó ni Joy, ọmọdébìnrin tí òun àti Màríámù jọ wà nínú kíláàsì. Tíṣà ni bàbá, tíṣà ni ìyá, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi tọ́ ọ. Bí ó bá fẹ́ sọ Yorùbá, ẹ ó máa ṣàánú ahọ́n rẹ̀. Ọjọ́ kan ló pe Màríámù lórí fóònù.

“Àǹtí Màríámù, ẹ jọ̀ọ́, tí Dókítà bá ní ká dá dúró, ta ni màá wá di mú?”

“Di èmi mú,” ni Màríámù dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà ni Joy ti ń pè ní gbogbo ọ̀sán, tí Màríámù ń kọ́ ọ láàárín oníbàárà méjì. Owó iṣẹ́ Dókítà kò dé ọ̀dọ̀ Màríámù o. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Nígbà tó wá ku ìdánwò ẹnu nìkan, Dókítà fi ohùn ránṣẹ́. Mo gbọ́ ọ, torí Màríámù yọ ti etí rẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́. Ó ní: “Ẹ gbé fóònù yín dúró síwájú yín, ẹ ya fídíò ara yín. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé mo jókòó síwájú yín gan-an. Ẹ kọ́kọ́ kí mi bó ti tọ́ tí ó yẹ nílẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ìtàn iṣẹ́ ìdílé yín. Ẹ má ṣe dá a dúró láàárín.”

Ọjọ́ tí Màríámù fẹ́ ṣe é, ó wé gèlè, ó lé àwọn ọmọ sẹ́yìn ilé, ó gbé fóònù ti páálí òwú lórí tábìlì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, mo panu mọ́, èyí tí kò wọ́pọ̀. Ó tẹ fóònù. Ó bọ́ síwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú àbójútó wa.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ náà sọ̀rọ̀! Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi ahọ́n mọ òwú tó jóná lára, tí kò ní pẹ́ já, bó ṣe ń fi eyín gé e, bó ṣe jẹ́ pé nígbà tó ń kú lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ká òwú lórí ẹní. Obìnrin kan tó wá ra síìpù gbàgbé láti ná an. Ewúrẹ́ tó ń kọjá dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí ìtàn fi parí.

Àárín ìtàn ni mo tó rí i pé Màríámù kò tíì dìde. Mo fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ fún un. Ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè. Nígbà tó parí, tó pa fóònù, ni mo tó bi í.

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni? Kí ló dé tí o kò dìde lẹ́yìn tí o kí i tán?”

“Bàbá Oríọlá, ta ló ní kí n dìde?”

“Fóònù mà ni!”

“Ó ní kí n ṣe bí ẹni pé òun jókòó síwájú mi. Bó bá jókòó síwájú mi, tí kò ní kí n dìde, ṣé màá kàn fò sókè bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé?”

Òótọ́ ló sọ. Lóde òní, àwọn ọmọ á tẹ eékún díẹ̀ bí ẹni tí ìrẹ̀ gbá lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti kí èèyàn. Ṣùgbọ́n ìyá Ràímì ló tọ́ Màríámù. Obìnrin yẹn lè jẹ́ kí o wà lórí ìkúnlẹ̀ títí àgbàdo tó gbìn lẹ́yìn rẹ yóò fi gbó. Àgbà ló ń ní kí ọmọ dìde. Ọmọ kì í ní kí ara rẹ̀ dìde.

Ìgbà tí èsì dé, Màríámù ń to bọ́tìnnì. Ó wo fóònù, ó ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé bọ́tìnnì dúdú ló ń dà pọ̀ mọ́ funfun. Mo gba fóònù náà wò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Ojú akẹ́kọ̀ọ́ kò hàn. Òdo.”

Òdo! A wo fídíò náà. Àwọn páálí òwú mìíràn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ la rí, a rí ògiri mi tó ti bó, a rí ṣóńṣó gèlè kan tó ń mì jẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ bí orí aláńgbá. Ohùn rẹ̀ ń dún ketekete, ṣùgbọ́n ojú, kò sí ojú.

Kò pẹ́ ni Joy pè, ó ń sunkún. “Àǹtí, mo yege. Àǹtí, ó pọ̀ gan-an. Àmọ́ mo kàn jókòó ni o. Mo ní ‘ẹ káàárọ̀ sà’, mo ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọ̀sán ni mo sì ṣe é.”

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ yege nínú ìdánwò Yorùbá. Joy ní àwọn tó kúnlẹ̀ wéré, tí wọ́n dìde wéré, wọ́n gba ìlàjì. Àwọn ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ilẹ̀ nìkan ni fóònù rí, òdo ni wọ́n gbà. Bí ọ̀wọ̀ rẹ bá ti kúrú tó ni máàkì rẹ ṣe ga tó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀mí àìrí kan wá bú wa nílùú wa, ṣé yóò bú wa jù báyìí lọ?

Màríámù kọ̀wé sí Dókítà, ó ṣàlàyé pẹ̀lú ìtẹríba. Lọ́tẹ̀ yìí Dókítà dáhùn: “Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá dúró kì í wá àwáwí. Ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ wo fídíò, kì í ṣe èmi. Èyí tí ó bá ti já, n kì í rí i rárá. Ẹ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.”

Ọdún tó ń bọ̀! Sáà tuntun kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ọ̀gá ilé ìwé ẹ̀yìnkùlé ti ń béèrè.

Mo ní, “Múra, à ń lọ sí Oǹdó.”

“Bàbá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wá. Orí fóònù ni gbogbo nǹkan.”

“Ṣé Oǹdó ti di ọ̀run ni? Àbí a gbọ́dọ̀ kú ká tó débẹ̀? Wọ bàtà.”

Nínú ọkọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tá a jọ wọkọ̀. Kí a tó dé Ọ̀wẹnà, ìyá kan tó gbé ẹyin dání ti ń mí kanlẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé Bọ́lọ́rundúró, gbogbo ọkọ̀ ti gbaná, dẹ́rẹ́bà ní òun á wa ọkọ̀ náà wọ inú ọ́fíìsì Dókítà tààrà, ẹyin inú agbọ̀n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sè fúnra wọn. Màríámù ní tirẹ̀ ń wo ìta, ó fi ọwọ́ di fóònù mú.

Ilé kékeré ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ilẹ̀kùn gíláàsì ló fi ń ṣe ńlá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùnní ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ káàsán sà. Ta lẹ fẹ́ rí?”

“Dókítà Akíntóyè.”

“Ẹ lọ sórí pọ́tà, sà.”

“Orí kí ni?”

“Pọ́tà, Bàbá, ojú ìwé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí wọn.”

“Ọmọ mi, orí àga ni mo ti rí wọn yìí,” ni mo wí, torí ilẹ̀kùn inú ṣí sílẹ̀, mo ń wo orí ọkùnrin náà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà fẹ́ dá mi dúró, ó wo ewú orí mi, ó sì fi mí sílẹ̀. Ọlọ́run yóò fún un lọ́kọ rere.

Tábìlì tó wà níwájú Dókítà tóbi tó pápá bọ́ọ̀lù. Kọ̀ǹpútà, ìwé àti kọ̀ǹpútà mìíràn ló kún orí rẹ̀. Ó rí mi, ó dìde díẹ̀, ó tẹ̀ ba. Mi ò ní fi ìyẹn dù ú, ilé rere ló ti wá. “Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá. Ẹ jókòó, sà.” Ó padà sórí àga. “Ẹ ṣe wá jìnnà báyìí? Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ wa ni?”

“Ó gba òdo nínú ìdánwò ẹnu.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ńkọ́? Kò bá yín wá?”

“Èmi rèé, sà,” ni ohùn kan wí.

Dókítà wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò rí ẹnikẹ́ni. “Níbo?”

“Níbí, sà.”

Ó gbójú sókè wo àjà ilé, mo fi ojú mi rí i. Ó wá dìde, ó fọwọ́ ti tábìlì, ó na ọrùn kọjá kọ̀ǹpútà, ó sì rí gèlè Màríámù níbi tó kúnlẹ̀ sí láti ìgbà tá a ti wọlé.

“Ha! Mádàámú! Ẹ dìde, ẹ dìde jàre, ẹ wá jókòó kí n rójú yín.”

Mo lu tábìlì, kọ̀ǹpútà fò. “Ó ti dé! Ọ̀rọ̀ tá à ń wá nìyẹn! Dókítà, kí lẹ sọ yẹn?”

“Mo ní kí wọ́n dìde.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ sínú fóònù? Ẹ ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé ẹ jókòó síwájú wọn. Ọmọ yìí kúnlẹ̀ síwájú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní kó dìde, ẹ wá fún un ní òdo pé kò dìde!”

Ó yé e. Mo rí i lójú rẹ̀ bí ó ṣe yé e, mo sì rí i bí kò ṣe fẹ́ kó yé òun. Ó jókòó. “Bàbá, ẹ ní sùúrù. Ẹ̀rọ kò lè mọ ìyẹn. Ojú ni a ní kó máa wò, nítorí àwọn tó ń rán ẹlòmíràn ṣe ìdánwò.”

“Ta ló wá fi ẹ̀rọ tí kò mọ ìkúnlẹ̀ ṣe olùkọ́ Yorùbá?”

“Bàbá, gbogbo àgbáyé ló ń lọ síbẹ̀. A fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá ronú.”

Ìgbà yẹn ni Màríámù lanu. Ó ti dìde, ó dúró, kò jókòó. Ohùn rẹ̀ kò ga.

“Mo dá ronú, sà. Ohun tí mo rò ni mo ṣe. Nígbà tí mo bi yín nípa àwọn aránṣọ, ẹ ní kí n dá wá a, mo wá a, mo kó o wá fún yín, ẹ ò kà á. Joy tó yege yìí, èmi ni mò ń dá a lóhùn nígbà tẹ́ ẹ ní kó dá dúró. Ẹ dárí jì mí, sà. Kì í ṣe ká dá ronú lẹ fẹ́. Ká ṣáà dá wà ni.”

Ìbídùnní wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo ẹnu. Dókítà na ọwọ́, ó gba fóònù Màríámù, ó ṣí fídíò náà. Ó ń wo páálí òwú. Nígbà tó débi tí bàbá Màríámù ń fi ahọ́n mọ òwú tó jóná, ó sún mọ́ ọn. Ibi tí ọwọ́ Ràímì ti ń ká òwú lórí ẹní, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì sí ohun tó dọ̀tí lára rẹ̀.

Ẹ rò pé ó ní, “Mo yí òdo padà”? Rárá o. Ó ní ẹ̀rọ ti ti ìyẹn pa. Ó ní ohun tóun lè ṣe ni pé kóun ṣí ọ̀nà fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kó jókòó síbí, kó ya òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún un ṣe kò lè gba máàkì tó ga. Mo fẹ́ dìde sí i. Màríámù dì mí lápá.

“Mo gbà, sà. Àwọn yòókù tó gba òdo bíi tèmi ńkọ́?”

“Mádàámú, tiyín lẹ bá wá. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, kó dá rò ó.”

Màríámù gba fóònù rẹ̀ padà, ó gbé e lé orí tábìlì, ó tẹ ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ìró ìdí rẹ̀ so, ó sì kúnlẹ̀, eékún méjèèjì, lórí ilẹ̀ tàìsì lásán.

“Ẹ dìde,” ni Dókítà wí.

“Màá dìde, sà. Ẹ sọ ọ́ síbẹ̀ fún gbogbo wa.”

“Mádàámú, ẹ dìde jọ̀ọ́!”

“Ẹ sún mọ́ fóònù díẹ̀ sí i, sà.”

Ẹ mọ̀ bó ti ń rí. Ìyá ọlọ́mọ kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń yọjú. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí Dókítà. Ó sọ nǹkan kan ní èdè Oǹdó tí mi ò ní kọ síbí. Èmi jókòó, mo ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bíi Joy, mo ń wò ó. N kò bẹ Màríámù kó dìde. Ẹ̀tanú? Bẹ́ẹ̀ ni.

Níkẹyìn, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu súnmọ́ fóònù náà, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀: “Ẹ kú ìkíni, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ti gbọ́. Ẹ dìde, ẹ jókòó, kí ojú yín hàn. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ kò rí, ẹ tún un ṣe.”

Màríámù dìde. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà,” ó sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì kó tó jókòó láti ya tirẹ̀.

Ó yege. Àwọn ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ náà tún un ṣe, wọ́n yege. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, Màríámù wọlé. Láti ẹ̀yìn ilé mi, mo ń gbọ́ ọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹni tó bá ń sùn, kò fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìjọba kò gbà á.

Ṣùgbọ́n máàkì Joy ga ju ti Màríámù lọ títí dòní, ó wà nínú ìwé ẹ̀rí wọn bẹ́ẹ̀. Joy fúnra rẹ̀ kò lè fi hàn mí, ojú ń tì í. Kò tán síbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣèpàdé ní Àkúrẹ́ níbí, Dókítà bọ́ síwájú wọn, ó ní òun ti hùmọ̀ ọ̀nà tuntun kan tí olùkọ́ fi lè máa dáhùn ìkíni akẹ́kọ̀ọ́ láti inú ẹ̀rọ. Ó ní ìrònú ọdún gbọọrọ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Joy ló fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Kò dárúkọ Màríámù. Kò dárúkọ eékún tó wà lórí tàìsì.

Mo ti wọ bàtà. Mo ti mú ọ̀pá. Màríámù ti ilé ìwé dé, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, níbo?”

“Oǹdó.”

“Ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí kíláàsì mi gbà. Ẹ jókòó, Bàbá.” Ohùn tó fi sọ ọ́, bí ẹni tí Dókítà wà nínú ọ̀fun rẹ̀ ni. “Ẹ jókòó jàre, kí ojú yín hàn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ ṣí páálí òwú. Èmi kò jókòó. Ìdúró ni mo wà tí mo fi kọ èyí, ìwé wà lórí ògiri, ẹsẹ̀ ń ro mí, bàtà sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.